Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Mọ́tò Tí Mo Rà Ti Bà Jẹ́, Ẹni Tó Tà Á Ní Kò Kan Òun

Ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tó dé láti Ilé-Ifẹ̀ àti Ilẹ́ṣà lóṣù yìí ló dá lórí mọ́tò àlòkù tí èèyàn fi owó gidi rà lọ́wọ́ oníṣòwò, tí kò sì pẹ́ rárá tó fi di ti mẹkáníìkì. A yan mẹ́fà, a gé wọn kúrú, a yọ orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Agbẹjọ́rò kan àti mẹkáníìkì kan ló pawọ́ pọ̀ dáhùn wọn. Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú: òfin wà lẹ́yìn yín ju bí ẹ ti rò lọ, àmọ́ ohun tí ẹ bá ṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan tí àbùkù yọjú ló máa sọ bóyá òfin náà á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì tàbí jíà kí ẹni tó tà á fún yín tó rí i.

Jíà ń sílíìpù lọ́jọ́ kẹsàn-án

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Mo ra Corolla tòkunbọ̀ ọdún 2008 lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta mọ́tò ní ọ̀nà Ìbàdàn. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ni mo fẹ́ máa fi lọ lójoojúmọ́. Ó ní ẹ́ńjìnnì àti jíà pé, pé n kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan fún ọdún kan gbáko. Ọjọ́ kẹsàn-án ni jíà bẹ̀rẹ̀ sí í sílíìpù: bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á pariwo, mọ́tò ò ní lọ. Mo pè é, ó ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà, pé ó wà lára rìsíìtì. Lóòótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣé owó mi ti wọgbó nìyẹn?*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Owó yín ò tíì wọgbó. Gbólóhùn tí wọ́n tẹ̀ sára rìsíìtì yẹn ò lágbára tó bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù ba oníbàárà. Òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní FCCPA ti ọdún 2018, sọ ní ẹ̀ka 131 pé ọjà tí ẹ rà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe, kó máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kó sì ṣe é lò fún ìwọ̀n àsìkò tó bójú mu. Ẹ̀ka 122 ní tirẹ̀ sọ pé bí ẹ bá ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó tà á, tí ọjà náà kò sì lè ṣe é, ẹ lè dá a padà láàárín àsìkò tó bójú mu kí ẹ sì gba owó yín pé. Ẹ ti sọ fún un pé iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ máa gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má gbàgbé rẹ̀ nínú lẹ́tà yín. Ẹ̀ka 129 sì ni kò jẹ́ kí oníṣòwò fi àkọlé tàbí ìwé àdéhùn gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún yín.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí òfin náà mọ. Mọ́tò ọdún 2008 kì í ṣe titun, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi òfin sọ ọ́ di titun. Bíréèkì tó ti tín-ín-rín, wáípà tó ti gbó, bátìrì tó kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwọ̀nyí jẹ́ ara ohun tí èèyàn ń retí lára mọ́tò àlòkù. Bí ó bá jẹ́ pé ó sọ fún yín pé jíà ò dára tó, tó sì tìtorí rẹ̀ yọ owó fún yín, ẹjọ́ ti tán. Bákan náà ni gíláàsì tó ti sán tí gbogbo ojú rí kí ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n jíà tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé ó pé, tó sì já láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án? Òfin wà lẹ́yìn yín níbẹ̀.

Ẹ gbé mọ́tò náà sílẹ̀ lónìí. Nínú jíà ọ̀tọmátíìkì, àwọn àwo pẹlẹbẹ kan wà tó yẹ kó di ara wọn mú. Bó bá ń sílíìpù, wọ́n ń yọ̀ lórí ara wọn ni, ooru á mú, ọ́ìlì á jó, ohun tó ṣẹ́ kù nínú àwo náà á jẹ tán. Ẹni tó bá wà á lọ sí Ìbàdàn kó tó fẹjọ́ sùn ti fún oníṣòwò ní ọ̀rọ̀ sọ: yóò ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, kò sì ní jẹ́ irọ́ pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá mẹkáníìkì tí kò mọ ẹni tó tà á rí, kí ó wò ó láì tú u. Corolla yín ní gééjì tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jíà. Kí ó fà á yọ, kí ó nù ún sára bébà funfun. Ọ́ìlì tó dára máa ń pọ́n. Èyí tó ti jó á pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kó dúdú, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti nǹkan tó jóná. Ẹ ya fọ́tò bébà náà, kí déètì wà lára rẹ̀. Kí ó wò ó bóyá ọ́ìlì náà lọ sílẹ̀ nítorí pé ó ń jò níbi tí ásù wọnú jíà, torí nígbà míì ọ́ìlì tó dín nìkan ló ń fa sílíìpù, owó kékeré ló sì máa tún un ṣe. Kí ó wá fi ẹ̀rọ síkáànù sí i. Bí kóòdù bíi P0741 tàbí P0750 bá jáde, ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà mọ́tò fúnra rẹ̀ ti rí àbùkù nínú iṣẹ́ jíà. Ẹ jẹ́ kó tẹ èsì náà jáde, pẹ̀lú déètì, nọ́ńbà ṣasí àti iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù. Kó wá kọ ojú ewé kan péré: ohun tó rí, ìdí tó fi rò pé àbùkù náà ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó rà á, iye tí àtúnṣe máa ná yín, orúkọ rẹ̀, ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé. Ẹ má pààrọ̀ ọ́ìlì náà. Ó ń dùn wá nígbàkigbà tí ẹ̀rí bá dà sí gọ́tà nítorí pé ẹnìkan fẹ́ ṣe oore.

Ìgbà náà ni ẹ ó kọ lẹ́tà sí oníṣòwò. Ìpè orí fóònù ò tó. Bí ó bá sẹ́, kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ yín. Lẹ́tà náà ò nílò èdè kóòtù. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ní ọjọ́ báyìí, mo ra Toyota Corolla ọdún 2008, nọ́ńbà ṣasí báyìí, lọ́wọ́ yín ní iye báyìí. Mo sọ fún yín pé mo fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ fi dá mi lójú pé jíà rẹ̀ pé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, jíà bẹ̀rẹ̀ sí í sílíìpù, mo sì ti gbé mọ́tò náà sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Èsì àyẹ̀wò mẹkáníìkì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. N kò gba mọ́tò náà ní ipò tó wà yìí. Mo fẹ́ kí ẹ dá owó mi padà, tàbí kí ẹ fún mi ní òmíràn tó jọ ọ́, tàbí kí ẹ tún jíà náà ṣe pátápátá lówó ara yín. Ẹ lè wá wò ó ní ibi báyìí láàárín ọjọ́ 7. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti sí ilé ẹjọ́."

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ mú un lọ fúnra yín pẹ̀lú ẹnìkan tó lè jẹ́rìí, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú kúríà tó ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì fi fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ sọ lórí WhatsApp àti fọ́tò tó fi polówó mọ́tò náà, ẹ tọ́jú wọn sí ibi méjì, ẹ má sì sọ fóònù náà nù. Tó bá dé kóòtù, ẹ̀ka 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè ìwé ẹ̀rí kan fún ohunkóhun tí a bá tẹ̀ jáde láti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Agbẹjọ́rò yín ni yóò bá yín ṣe é.

Ọ̀pọ̀ wọn máa ń wá sórí ìjókòó nígbà tí wọ́n bá rí lẹ́tà bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀ka 146 gbà yín láyè láti fẹjọ́ sun FCCPC. Ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni fccpc.gov.ng, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ olùfẹ̀sùn. Ẹ fi rìsíìtì, ẹ̀rí ìsanwó láti báǹkì, èsì síkáànù, ìwé mẹkáníìkì àti ẹ̀dà lẹ́tà yín sí i. Òfin náà sọ gbangba pé ẹ lè gba kóòtù lọ tààrà bí ẹ bá fẹ́. Bí oníṣòwò náà bá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta mọ́tò, ẹ fún alága ẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀dà kan pẹ̀lú. Nílùú bíi Ifẹ̀, níbi tí gbogbo wọn ti mọ ara wọn, ìyẹn nìkan ti parí ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ṣé kí n ní kí ọlọ́pàá gbé e?

*Àbúrò mi mọ ọlọ́pàá kan. Ó ní kí n san nǹkan díẹ̀ kí wọ́n lọ gbé oníṣòwò tó ta mọ́tò jákujàku fún mi, pé bó bá sun àtìmọ́lé ọjọ́ kan, owó á jáde. Kí lẹ rí sí i?*

Ẹ má dán an wò. Ẹ̀ka 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ gbèsè lásán. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, oníṣòwò náà lè pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ tẹ ẹ̀tọ́ òun mọ́lẹ̀, ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ á sì di ẹlẹ́ṣẹ̀. A kò sì ní kí ẹ lọ lóṣòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí òṣómàáló ayé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ bí jìbìtì bá wọ̀ ọ́: ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ayédèrú, nọ́ńbà ṣasí tí wọ́n fi irin lù pa dà, mọ́tò tí wọ́n jí, kìlómítà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá padà sẹ́yìn kí wọ́n lè fi gba owó púpọ̀. Ìwọ̀nyẹn jẹ́ ọ̀ràn. Ẹ kọ ẹ̀sùn ní tẹ́ṣọ̀n, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀.

Ilẹ́ṣà: ó ń jẹ ọ́ìlì, mẹkáníìkì mi sì ti tú u

*Camry Muscle ọdún 2007 ni mo rà, ẹ́ńjìnnì 2.4. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan mo rí i pé ọ́ìlì ń gbẹ láìjò sílẹ̀. Mo ṣì fi ń ná Ilẹ́ṣà sí Àkúrẹ́ fún oṣù méjì, mò ń bu ọ́ìlì sí i. Nígbà tó yá mẹkáníìkì mi tú ẹ́ńjìnnì, ó pààrọ̀ ríǹgì. Mo wá lọ bá oníṣòwò, ó ní mẹkáníìkì mi ló bà á jẹ́. Ṣé mo ṣì lẹ́jọ́?*

Ẹ ṣì lẹ́jọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹjọ́ kan náà mọ́. Òfin títa ọjà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1893 fún ẹni tó ra ọjà alábùkù ní ohun méjì: ó lè kọ ọjà náà kó gba owó rẹ̀, tàbí kó tọ́jú ọjà náà kó gba owó ìpàdánù. Ẹni tó bá ti rí àbùkù, tó sì ń lò ó lọ bí ẹni tó gbà á, kò lè kọ ọ́ mọ́. Oṣù méjì tí ẹ fi kó èrò lọ sí Àkúrẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti mọ̀ ti sé ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn. Èyí tó kù ni pé kó san owó àtúnṣe.

Ohun tó máa dúró tì yín ni pé àìsàn Camry yín kì í ṣe àjèjì. Ẹ́ńjìnnì 2.4 yẹn, tí wọ́n ń pè ní 2AZ-FE, inú Camry ọdún 2007 sí 2009 ni a mọ̀ káàkiri ayé fún jíjẹ ọ́ìlì: ríǹgì tó ń gbá ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà máa ń dì, ọ́ìlì á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ pístọ́ọ̀nù wọ ibi tí epo ti ń jó. Ní Amẹ́ríkà, Toyota fúnra rẹ̀ gbà láti máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkókò kan, fún èyí tó bá jẹ ju nǹkan bíi lítà kan lọ láàárín máìlì 1,200, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 1,900. Nítorí náà, ẹni tó bá ní mẹkáníìkì yín ló dá àìsàn náà sílẹ̀ ní iṣẹ́ ńlá láti ṣe kó tó lè fi hàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé oníṣòwò lè yí i padà pé bí gbogbo ayé bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà ì bá ti mọ̀. Ohun tó sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ rà á ló máa já a.

Ẹ tètè lọ gba ríǹgì àti pístọ́ọ̀nù àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kó tó tà wọ́n fún àwọn oníirin. Ẹ kó wọn sínú àpò ọ̀rá, ẹ kọ déètì àti nọ́ńbà ṣasí sí i, kí mẹkáníìkì sì buwọ́ lù ú. Kí ó kọ iṣẹ́ tó ṣe sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ so rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ rà mọ́ ọn, títí kan ọ́ìlì tí ẹ ń bu sí i. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, kóòtù Májísíréètì ló yẹ kí ẹ gbà lọ.

Ẹnikẹ́ni tí irú rẹ̀ bá tún bá, tí kò sì tíì tú ẹ́ńjìnnì, kó bu ọ́ìlì kún ojú àmì òkè lára gééjì, kó ya fọ́tò rẹ̀ àti ti kìlómítà, kó wà á bó ṣe máa ń wà á, kó sì tún ya fọ́tò gééjì ní gbogbo kìlómítà 500. Fọ́tò mẹ́rin bẹ́ẹ̀ lágbára ju àríyànjiyàn ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kó ti kọ lẹ́tà sí oníṣòwò kó tó bẹ̀rẹ̀ o, kí ìwakọ̀ náà má bàa dà bí ẹni tó ti gbà á.

Aládùúgbò ló tà á fún mi

*Kì í ṣe oníṣòwò, olùkọ́ àgbà kan tó ń fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa ni. Ṣé òfin kan náà ni?*

Rárá. FCCPA ń bá ẹni tó fi ọjà ṣe iṣẹ́ wí. Fún ẹni tó ta mọ́tò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ pé òun ló ni ín lóòótọ́, kí mọ́tò náà sì bá bó ṣe júwe rẹ̀ mu. Bí ó bá mọ̀ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ, tí ẹ bi í, tó sì purọ́, ẹ lè bá a dé kóòtù. Bí ẹ kò bá bi í, tí òun náà kò sì sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ le fún yín.

Mo fẹ́ rà á lóṣù tó ń bọ̀

*Ọjà Àtàkúnmọ́sà ni mo ti ń tajà. Mo fẹ́ ra Sienna tòkunbọ̀ fún kíkó ẹrù. N kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Kí ni kí n ṣe kí irú wàhálà yìí má bàa bá mi?*

Ẹ kú ìmúra, ìyá wa. Ìbéèrè yín ló dùn mọ́ wa jù, nítorí pé náírà tí ẹ bá fi dá mẹkáníìkì lọ́lá kí ẹ tó rà á kéré púpọ̀ sí èyí tí ẹ ó fi wá ẹjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí oníṣòwò bá pè fún yín.

Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má ṣíná sí i. Kí ẹ fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì; bí ó bá gbóná, ẹ ní ẹ ń padà bọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó tutù ló ń sọ òótọ́: ìró àti èéfín tó ń jáde nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣíná kì í pẹ́ lọ. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tó nípọn tí kò dáwọ́ dúró, tí òórùn rẹ̀ ń dùn sí imú, omi rédíétọ̀ ló wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kí mẹkáníìkì ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ti ń bu ọ́ìlì. Bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n bu wàrà sí, ẹ pa dà sílé. Kí ó sì fi gééjì wo bí ọ́ìlì ṣe rí. Àwọn kan máa ń bu ọ́ìlì tó nípọn jù sí i kí ẹ́ńjìnnì má bàa nọ́ọ̀kì lójú oníbàárà.

Kí wọ́n tó ṣíná, kí ẹ ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọọ̀dù ti ń tàn. Iná ẹ́ńjìnnì àti iná éábáàgì gbọ́dọ̀ tàn. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, síkáànù. Sienna tó ti Amẹ́ríkà wá ní ihò síkáànù lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù níwájú dírẹ́bà. Kì í ṣe kóòdù nìkan ni kí ẹ béèrè. Ẹ ní kí ó wò bóyá mọ́tò náà ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ á fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò yẹn kò tíì pé, ó sì máa ń gba ìrìn kìlómítà 80 sí 160 kí wọ́n tó pé. Ẹni tó pa kóòdù rẹ́ ní ohun tó ń fi pamọ́.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló máa ń wà nínú nọ́ńbà ṣasí. Ẹ̀ ń rí i láti ìta, lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ dírẹ́bà, àti lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọra, kí wọ́n sì bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Ti Sienna tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 2003 máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5TD. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Bí wọ́n bá pe 2008 ní 2011 fún yín, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀. Ẹ fún ọmọ yín tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà náà. Owó díẹ̀ ni wọ́n fi ń rí ìtàn mọ́tò ní Amẹ́ríkà, bóyá ó ti ní jàǹbá, bóyá omi ti gbé e, iye máìlì tó ti rìn. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni ojúlé nhtsa.gov, ti àjọ ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, náà sì ń sọ bóyá iṣẹ́ ìpèpadà kan, ìyẹn àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n dá mọ́tò padà wá fún, wà tí wọn kò tíì ṣe lára rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọdún 2007 tàbí 2008 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 3.5, kí mẹkáníìkì wo páìpù kékeré tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí orí ẹ́ńjìnnì. Èyí tó jẹ́ rọ́bà láti ilé iṣẹ́ máa ń bẹ́, ọ́ìlì á tú jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú sójú ọ̀nà. Irin ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Bí ẹrẹ̀ tàbí ilà omi bá wà lápá ibi tí kì í sábà jáde, omi ti gbé mọ́tò náà. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo ìpẹtà lára irin ìjókòó. Lára àwọn rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ọ̀dà tó bá tàn sí wọn fi hàn pé wọ́n ti tún un kùn. Fún táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Kí ẹ wá wà á. Ilẹ́ṣà ní òkè, ẹ lò ó: ẹ jẹ́ kó gun ọ̀nà tó ga pẹ̀lú ẹrù tàbí èèyàn mẹ́rin nínú rẹ̀, kí éẹ́sì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sì máa ṣiṣẹ́, fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Jíà tó bá fẹ́ sílíìpù á sílíìpù níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó bá fẹ́ gbóná á gbóná.

Nípa ìwé, ẹ̀ka 118 nínú FCCPA sọ pé oníṣòwò gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ọjà tó ní orúkọ rẹ̀ tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, àdírẹ́sì, déètì, ohun tí ẹ rà àti iye rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn pé "ajẹ́ńtì ni mí, èmi kọ́ ni mo ni ín." Ẹ má fi owó sọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì orúkọ kan náà tó wà lórí rìsíìtì. Kí ẹ sì ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Mo fi ọjọ́ 30 dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà, mọ́tò yìí kò ní jàǹbá, omi kò sì gbé e rí." Ẹni tó bá ń bínú nítorí gbólóhùn yẹn ti dá yín lóhùn.

Ọlọ́pàá gba mọ́tò lọ́wọ́ mi

*Oṣù karùn-ún tí mo rà á ni wọ́n dá mi dúró ní ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní nọ́ńbà ṣasí tó wà lára mọ́tò kò bá ti inú ìwé mu. Wọ́n ti gbé e lọ sí tẹ́ṣọ̀n. Oníṣòwò kò gbé fóònù mọ́.*

Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì sá. Ẹ gba ìwé tó fi hàn pé mọ́tò náà wà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tiyín sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: ibi tí ẹ ti rà á, ẹni tó tà á, ẹ̀dà rìsíìtì àti ti ìsanwó. Ẹni tó bá tètè sọ̀rọ̀ kì í jọ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba ohun tí wọ́n jí. Bí ó bá wá hàn pé wọ́n jí i, ẹ̀tọ́ yín lágbára ju ti gbogbo ẹni tó kọ lẹ́tà lókè lọ: ẹni tí kò ní ọjà kò lè tà á, nítorí náà gbogbo owó ni kó dá padà, kò sì ṣe nǹkan kan pé ẹ ti lò ó fún oṣù márùn-ún. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí agbẹjọ́rò tẹ̀ lé ẹ̀sùn jìbìtì náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọlọ́pàá tó ń wádìí. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú nọ́ńbà ṣasí kankan. Bí ẹ bá rí O nínú ìwé, òdo ni akọ̀wé fẹ́ tẹ̀. Bí ẹ bá rí I, 1 ni. Ọ̀pọ̀ ìwé láísẹ́ńsì ló ní irú àṣìṣe yìí. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá ju ìyẹn lọ, ẹ mú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ àti fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì tó fún yín níwèé, kí wọ́n tún un kọ, kí ẹ sì mú èyí tí wọ́n tún kọ padà sí tẹ́ṣọ̀n.